Ilé Tí Wọ́n Fi Ọ̀wẹ̀ Bẹ̀llò Kọ́

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wá pátákó idẹ tí ó wà lára ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì agbolé wa ní Òmù-Àrán. Pátákó náà kò fẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ. Mo fi ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó àwọn ilé àtijọ́, wọn kò sì dá mi lóhùn títí mo fi lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì wọn ní Ìlọrin fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, tí mo ń ka ìwé mi, tí n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo fi ọdún mẹ́ta mìíràn dá àwọn ẹbí mi lẹ́kun, nítorí wọ́n fẹ́ wó ilé náà kí wọ́n lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin tí ó kù ni mo fi gba ẹ̀rí ẹnu àwọn àgbà. Mo gba ohùn ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n sílẹ̀, láti Òmù-Àrán dé Àrán-Ọ̀rin dé Òwu-Ìsin, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ gbogbo rẹ̀ jáde, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ mi ní yunifásítì. Nígbà tí wọ́n kan pátákó náà mọ́ ògiri níkẹyìn, n kò pàtẹ́wọ́. Mo dúró, mo sì kà á títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn: Ilé Rélùwéè. Bẹ̀llò, òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Ọ̀ffà, ni ó kọ́ ọ ní ọdún 1947.

Bẹ̀llò ni ó bí bàbá mi.

Rélùwéè kò gba ìlú wa kọjá rí. Ọ̀ffà ni ó gbà, ibẹ̀ sì ni àwọn ará Ìgbómìnà ń kó ẹrù wọn lọ bá a, òrí àti irú àti èlùbọ́, lórí ni wọ́n sì ń rù ú. Síbẹ̀ ara rélùwéè ni wọ́n ti yọ ilé wa. Irin ojú ọ̀nà rélùwéè mẹ́fà ni ó gbé òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì náà dúró. Pákó dúdú líle tí wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ irin náà ni wọ́n fi tẹ́ yàrá òkè, òun náà ni wọ́n fi kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan wà lókè tí ó ṣí sí ìta gbangba, tí kò sì ní àtẹ̀gùn kankan lábẹ́. Lára ilẹ̀kùn yẹn ni àmì mẹ́tàlélógún wà tí wọ́n fi irin gbígbóná jó síbẹ̀. Ọ̀kan dà bí ẹsẹ̀ adìẹ, ọ̀kan dà bí ìlàjì òṣùpá, òmíràn jẹ́ ìlà mẹ́ta lórí ara wọn.

Ní Sátidé tí ó bá gbẹ̀yìn oṣù, mo máa ń mú àwọn àlejò yí ìlú ká. Púpọ̀ nínú wọn ti Èsìẹ́ bọ̀, níbi tí wọ́n ti lọ wo àwọn ère òkúta. A ó bẹ̀rẹ̀ láti kóòtù àtijọ́, a ó yà sí mọ́sálásí alámọ̀ tí wọ́n ti fi páànù bò, a ó gun òkè Ilé Rélùwéè, lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì yóò gbé wa lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè ní Ọ̀ffà. Àwọn obìnrin àdúgbò máa ń sá ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ irin níbẹ̀. Àwọn àlejò a máa ya fọ́tò ẹ̀gẹ́ náà ju ti ibùdókọ̀ lọ.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, àlejò mẹ́sàn-án ni wọ́n wá. Obìnrin kan wà láàárín wọn tí ó tó ọjọ́ orí mi, ó da ìborùn funfun borí, ó sì gbé báàgì kékeré kan há abíyá. Ohun tí ó kọ sínú ìwé àlejò mi ni: Bilqis, láti Ṣàrẹ́. Kò bèèrè ohunkóhun ní kóòtù. Kò bèèrè ohunkóhun ní mọ́sálásí. Nígbà tí a gòkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, mo na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn náà, mo sì sọ ohun tí mo máa ń sọ.

"Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n fi àmì wọ̀nyí ka pákó. Àmì kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí apá ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ lójú ọ̀nà irin."

N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Èrò ara mi ni. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ìmọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà," ni obìnrin náà wí, "ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ìwádìí ni, màmá."

"Lọ́wọ́ ta?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin onígíláàsì kan rẹ́rìn-ín. "Ṣé kóòtù tí a ti kúrò la tún padà sí yìí?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Bilqis náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá súnmọ́ ilẹ̀kùn.

"Àmì ẹrù ni," ó ní. "Àwọn obìnrin tó ń rẹrù lọ sí Ọ̀ffà ló ni wọ́n. Bí wọ́n bá kó igba igbá òrí sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn, báwo lẹ rò pé kálukú ṣe ń mọ tiẹ̀? Motún ará Àrán-Ọ̀rin nìyí. Àyìsátù ará Òwu-Ìsin ló ni ẹsẹ̀ adìẹ yìí. Ó máa ń fọ́nnu pé olè tó bá jí ẹrù òun, adìẹ ló máa jẹ́wọ́ rẹ̀. Ẹrù ni wọ́n sì ń fi okùn fà gba ibí yìí wọlé, ìdí nìyẹn tí kò fi ní àtẹ̀gùn. Èyí tó wà lókè gbogbo wọn, ti ìyá tó bí bàbá mi ni. Àṣàbí lorúkọ rẹ̀."

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó sì tú aṣọ kan. Irin kékeré kan ni ó wà nínú rẹ̀, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ẹnu rẹ̀ sì ní eyín mẹ́ta. Ó gbé ẹnu irin náà lé àmì tí ó wà lókè. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. 

Mo ní, "Ó ṣeé ṣe kí ìyá yín àgbà ti máa kó ẹrù pamọ́ sínú ilé bàbá wa."

"Ilé rẹ̀ ni," ó dáhùn. Ó ti ń wé irin náà padà. "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, Dókítà. N kò wá jà."

Mo bá iṣẹ́ mi lọ. Mo kó wọn dé Ọ̀ffà, mo sọ ọdún tí irin dé ibẹ̀, mo fi ibi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù hàn wọ́n. Nígbà tí gbogbo wọ́n ń padà sínú bọ́ọ̀sì, mo bi Bilqis ní orúkọ bàbá rẹ̀, kí n lè kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ mi. Mo bi í gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ti ń bèèrè, pẹ̀lú bírò lọ́wọ́.

"Jiya," ó ní. "Jiya ọmọ Ndanusa."

N kò kọ ọ́.

Nínú agbolé wa, Jiya kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Orúkọ tí a ń pe ọmọ tí ó bá sọ pé tòun ni ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni. Bí ọmọ kan bá nawọ́ sí ẹran ẹlòmíràn nínú àwo, a ó ní, "Jiya, gbé ọwọ́ rẹ kúrò." Ìyá mi pè mí bẹ́ẹ̀. Èmi náà pe àwọn ọmọ tí mo bí bẹ́ẹ̀. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ìbéèrè, n kò béèrè rí ní ọjọ́ kan ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Bilqis wo ojú mi. "Ẹ ti gbọ́ orúkọ náà rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí. N kò sọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun àsárì, mo lọ bá Bàbá Bùkárì. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Òun nìkan ni ó kù nínú àwọn tí wọ́n mọ ògiri ilé náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó gbé rédíò lé itan.

"Ọmọ Bẹ̀llò," ó ní, "o tún ti gbé ẹ̀rọ rẹ dé. Mo rò pé o ti gba gbogbo irọ́ mi tán."

"Òótọ́ ni mo bá wá lónìí, Bàbá."

"Ìyẹn wọ́n ju irọ́ lọ. Jókòó."

Mo jókòó. Mo ní, "Ẹ sọ fún mi pé ọ̀wẹ̀ Bẹ̀llò ni wọ́n fi kọ́ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì."

"Ọ̀wẹ̀ Bẹ̀llò ni. Mi ò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Omi tí wọ́n fi po amọ̀ yẹn, èmi ni mo pọn ìdajì rẹ̀. Ọrùn mi ò tíì gbàgbé."

"Ta ló bọ́ yín?"

Ó pa rédíò.

"O ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí," ó ní.

"Mò ń bi yín báyìí, Bàbá."

"Àṣàbí ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi mọ ọ́n, iyán ni ní gbogbo ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ẹran ewúrẹ́ nínú ọbẹ̀. Bàbá rẹ kéré nígbà yẹn. Ó jókòó ti ìkòkò bí ológbò, wọn ò rí i lé. Ó jẹ nínú iyán náà. Mo rí i."

Ó dára kí n ṣàlàyé bí a ti ń ṣe é. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ́lé nígbà náà, yóò bẹ ọ̀wẹ̀: yóò ránṣẹ́ sí àwọn ọkùnrin agbolé àti ti àdúgbò, wọn yóò wá mọ ògiri láìgba owó, òun yóò sì bọ́ wọn. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni onílé. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ ẹni tí ó ni ilé àtijọ́ kan, a kì í bèèrè ẹni tí ó kọ́ ọ. A máa ń bèèrè pé, ọ̀wẹ̀ ta ni? Bẹ́ẹ̀ ni mo bi ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọ́n dá mi lóhùn, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan tí ó purọ́ fún mi. Àlejò láti ìlú mìíràn ì bá bèèrè ẹni tí ó ra pákó. Èmi bèèrè bí ọmọ ilé.

"Obìnrin kì í bẹ ọ̀wẹ̀ ní agbolé yín," ni Bàbá Bùkárì wí, "àlejò kì í sì bẹ ẹ́. Àṣàbí jẹ́ méjèèjì. Ndanusa ọkọ rẹ̀ kú, ó pọn ọmọ wá láti Ṣàrẹ́, ó gba yàrá lọ́wọ́ Bẹ̀llò, ó sì di olórí àwọn tó ń rẹrù lọ sí Ọ̀ffà. Nígbà tó fẹ́ kọ́lé ẹrù, ta ni ì bá dá a lóhùn? Ó ní kí Bẹ̀llò bá òun bẹ ọ̀wẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀. Bẹ̀llò bá a bẹ̀ ẹ́. Èèyàn dáadáa ni bàbá yẹn. Òun náà ló sọ fún un pé wọ́n ń ta irin àlòkù ní Ọ̀ffà. Obìnrin yẹn rà á. Lọ́rì gbé irin. Pákó, àwọn obìnrin rẹ̀ ló rù ú wá, mẹ́rin mẹ́rin sí ẹyọ kan."

"Nígbà tí Jiya wá ńkọ́?"

 Ewúrẹ́ kan wá jẹ èèpo iṣu lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá náà, kò lé e.

"Ọdún tí ogun abẹ́lé parí ni," ó ní. "Bẹ̀llò ti kú. Àṣàbí náà kú sí Ṣàrẹ́. Wọn ò tíì ṣe àdúà ogójì ọjọ́ rẹ̀ tí bàbá rẹ fi pààrọ̀ àgádágodo. Jiya wá bèèrè ilé ìyá rẹ̀. Àwọn àgbà agbolé yín pe àwa tí a ṣiṣẹ́. Wọ́n ní, ọ̀wẹ̀ ta ni? A ní, ọ̀wẹ̀ Bẹ̀llò. N kò purọ́, Hafeezat."

"Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́?"

"Jiya máa padà sí Ṣàrẹ́ kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá rẹ ni mo fẹ́ máa bá kírun lójoojúmọ́."

Mo bi í ní ohun tí wọ́n ṣe fún Jiya.

"Wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀, kó tọrọ àforíjì nítorí irọ́ tó pa mọ́ òkú. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni, níwájú ilé náà. Gbogbo wa ń wò ó. Ó dọ̀bálẹ̀. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ rẹ̀ pe ara wọn, wọn ò sì tíì jáwọ́." Ó tún tan rédíò. "Ìwọ náà ti pè é rí. Mo gbọ́ ọ."

Ẹ̀gbọ́n mi Abdulfatah ni olórí ẹbí wa nísinsìnyí. Mo lọ bá a ní pálọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Dókítà," ó ní. Bí inú bá ń bí i nìkan ni ó máa ń pè mí bẹ́ẹ̀. "A fẹ́ wó ilé yìí, o ní ká má wó o. A ò wó o. O ní kí orúkọ bàbá wa àgbà wà lára rẹ̀. Ó wà lára rẹ̀. Báyìí, o ní ká yọ ọ́. Ṣé ilé ni, àbí pátákó kíláàsì tí o máa ń kọ nǹkan sí tí o tún máa ń nù?"

"Kì í ṣe tiwa, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọ̀wẹ̀ ta ni?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìbéèrè mi ni ó fi bi mí.

"Bí ará Ṣàrẹ́ yẹn bá pè wá lẹ́jọ́," ó ní, "n kò ní wá ẹlẹ́rìí kiri. Ìwé rẹ ni n ó gbé lọ. Ohùn ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà nínú rẹ̀, ìwọ lo gbà á, ìwọ lo fọwọ́ sí i. Ìwọ ni n ó fi bá ọ jà."

"Wọn kò ní pè yín lẹ́jọ́."

"Kí wá ni wọ́n fẹ́?"

N kò tíì mọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Bó o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, sọ ọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n má sọ ìdajì. Sọ pé bàbá tó sanwó ilé ẹ̀kọ́ rẹ gba ilé opó, ó sì mú kí ọmọ opó náà dọ̀bálẹ̀. Wá sọ ọ́ lẹ́yìn Jímọ̀, kí gbogbo wọ́n lè gbọ́. Kí n wo ẹnu tí o máa fi sọ ọ́."

Mo wọkọ̀ lọ sí Ṣàrẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Mo bá Bilqis lábẹ́ ìbòji ilé rẹ̀, ilé alábúlọ́ọ̀kù tí wọ́n kùn dáadáa, ó ń ṣa ìrẹsì nínú atẹ. Ó gbé àga fún mi, ó sì bu omi wá. Mo sọ fún un pé mo ti mọ̀ pé ilé Àṣàbí ni. Kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Èmi ti mọ̀ tipẹ́," ó ní.

"Kí lẹ fẹ́ kí a ṣe?"

"N kò fẹ́ ilé. Mo ní ilé, ẹ̀ ń wò ó." Ó ju òkúta kékeré kan nù. "Bàbá mi kò dé Òmù-Àrán mọ́ títí ó fi kú. Bó bá ń lọ sí Ọ̀ffà, á kọ́kọ́ lọ sí Ìlọrin. Ọ̀nà jíjìn yẹn ló ń gbà, fún ọdún méjìlélógún, torí kó má baà kọjá níwájú ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Ohun kan ni mo fẹ́. Kí ẹnìkan nínú ẹ̀yin ọmọ Bẹ̀llò dúró síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kó sọ létí àwọn èèyàn pé Jiya kò purọ́. Ẹ lè fi pátákó yín sílẹ̀. Pátákó kọ́ ló mú kó dọ̀bálẹ̀."

Mo ní, "Mo ti gbọ́."

"Ẹ ti gbọ́," ó ní. "Ẹ ò sọ pé ẹ máa ṣe é."

Mo ní kí ó fún mi ní àkókò díẹ̀. Ó wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti jókòó.

"Ẹ mu omi yín, Dókítà," ó ní. "Ọ̀nà yín jìn."

Láti ìgbà náà, Jímọ̀ méje ti kọjá. Mo kọ̀wé sí ìgbìmọ̀, wọ́n sì dá mi lóhùn láàárín ọjọ́ mẹ́rin: ọ̀rọ̀ ara pátákó kò ṣeé yí padà bí olórí ẹbí kò bá fọwọ́ sí i. Olórí ẹbí kò fọwọ́ sí i. Lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, mo ti ń sọ ohun tí àwọn àmì náà jẹ́ fún àwọn àlejò. Mo ń dárúkọ Motún àti Àyìsátù àti Àṣàbí, àwọn àlejò sì fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ń ya ẹsẹ̀ adìẹ náà ní fọ́tò. Kò ná mi ní ohunkóhun. Òkè ni, àjèjì ni wọ́n, bọ́ọ̀sì yóò sì gbé wọn lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ dúró níwájú ilé náà ní ọjọ́ Jímọ̀. Ní àkọ́kọ́, àwọn ọkùnrin jáde láti mọ́sálásí, wọ́n kí mi, mo bi wọ́n léèrè nípa iṣu tuntun. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, Abdulfatah wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ọwọ́ lé ẹ̀yìn, ó sì dúró bí ẹni tí ń retí ọkọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kékeré ń ṣeré lẹ́yìn wa. Ọ̀kan já bọ́ọ̀lù gbà, èkejì pè é ní Jiya. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Mo pàṣẹ fún ọmọ náà pé kí ó má pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní kí ó lọ bá ìyá rẹ̀.

Mo ti kọ ìwé méjì lórí ìtàn ilẹ̀ Ìgbómìnà, ohùn mi sì ti dún ní gbọ̀ngàn tí ó ju ogún lọ. Gbèsè tí mo jẹ kò tó ìlà mẹ́ta nínú ìwé. Mo jẹ Bilqis, ọmọ Jiya, ọmọ Àṣàbí, ní gbèsè pé kí n dúró níwájú ilé náà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí n sọ létí àwọn ará agbolé wa pé Àṣàbí ni ó ni ín, pé Jiya kò purọ́, pé bàbá mi ni ó purọ́. N kò tíì sọ ọ́.